Ọ̀já Tí Mo Gbé Lọ sí Hamburg

Ọdún tí kòrónà ti mọ́sálásí pa, tí kálukú ń kírun ní yàrá rẹ̀, ọdún tó tẹ̀ lé e ni mò ń sọ. Kọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́, má tún un ṣe fún mi. Ọdún yẹn ni àbúrò ìyá rẹ, èyí tó lọ kàwé ní Jámánì, bímọ ní Berlin, tó ní kí n wá bá òun wẹ ọmọ.

Mo di òrí, mo di ọṣẹ dúdú, mo di ọ̀já tí mo fi pọn ìyá rẹ, tí mo fi pọn òun náà.

Mo dé ilé wọn ní Wedding, àdúgbò kan ní Berlin, mi ò wẹ ọmọ. Obìnrin kan wà tí wọ́n ń pè ní Hebamme, agbẹ̀bí tó ń wá wo ọmọ nílé. Hebamme ní omi mi gbóná jù. Hebamme ní wọn kì í na apá ọmọ. Hebamme ní n ò gbọdọ̀ pọ̀n ọ́n, egungun ẹ̀yìn rẹ̀ ò tíì le. Bí mo bá bi ọmọ mi pé, “Ìwọ ńkọ́, egungun tìẹ dà?” á ní, “Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ibí yàtọ̀.” Mò ń se ọbẹ̀, mò ń ká aṣọ, mò ń wo ọmọ nínú kẹ̀kẹ́ rẹ̀ bí ọmọ ọlọ́mọ.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí n padà sílé, tí ọmọ ti ń gbé orí dúró dáadáa, mo sọ fún un pé, “Ohun kan ni mo fẹ́. Jẹ́ kí n pọn ọmọ yìí kí n tó lọ. Bí mi ò bá pọ̀n ọ́n, kí ni màá sọ nílé pé mo wá ṣe?”

Ó ní, “Ó dáa. School ò sí lọ́jọ́ Thursday. Ẹ jẹ́ ká lọ sí Hamburg, ẹ ó rí ọkọ̀ òkun. Ẹ máa pọ̀n ọ́n níbẹ̀.”

Lọ́jọ́ náà, mo wọ ìró àti bùbá tí mo tọ́jú fún ọdún Iléyá, mo ká ọ̀já sínú báàgì. Ọkọ̀ ojú irin gbé wa títí. A dé Hamburg, ó ń fi ilé hàn mí: “Màámi, ẹ wo ṣọ́ọ̀ṣì yẹn. Màámi, ẹ dúró síbí, ẹ rẹ́rìn-ín.” Mò ń rẹ́rìn-ín sí fóònù. Ẹ̀yìn mi ni ọkàn mi wà.

Ní èbúté, a wọ ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé èrò kiri. Mo rí àwọn àpótí irin ńláńlá tí wọ́n tò léra bí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ó ní ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kó mọ́tò tòkunbọ̀ wá sí Èkó.

Mo ní, “Àṣé àwọn ará ibí ló ta bọ́ọ̀sì tó ń kú sójú títì fún bàbá yín!”

Ó rẹ́rìn-ín débi pé ó gbá mi léjìká. Ìgbà yẹn ló gbé ọmọ fún mi. “Bisimilahi, Màámi.”

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo gbé e sẹ́yìn, mo fi ìró bò ó, mo fa ọ̀já le. Ọmọ náà mí kanlẹ̀, ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé mi lẹ́yìn, ó sùn. Ọkọ̀ ń mì, èmi náà ń mì í.

Obìnrin òyìnbó kan, àgbà bíi tèmi, dìde. Kò wò mí. Ọmọ mi ló ń bá sọ̀rọ̀, ó ń nàka sí ẹ̀yìn mi. Mi ò gbọ́ èdè wọn, àmọ́ mo mọ ojú ẹni tó ń báni wí. Mò ń retí èsì ọmọ mi. Ọmọ tí ẹnu rẹ̀ mú, tó máa ń bá gbogbo ilé jà lórí ohun tí kò tó nǹkan! Entschuldigung ló ń sọ, ohun tí wọ́n fi ń tọrọ àforíjì níbẹ̀. Ọmọ mi wá sí ẹ̀yìn mi, ó tú ọ̀já níwájú gbogbo èrò. Ìró mi fẹ́ já bọ́, mo fọwọ́ méjèèjì dì í mú. Ọmọ jí, ó ń ké. Ìyá rẹ̀ gbé e sínú kẹ̀kẹ́, ó fi bẹ́líìtì dè é mọ́ ọn.

“Kí ló sọ?”

“Ó ní ọmọ ò lè mí dáadáa. Ẹ má bínú, Màámi. Gbogbo èèyàn ń wò wá. Wọ́n lè pe ìjọba sí mi.”

Bí a ṣe sọ̀kalẹ̀, mo rí ọkùnrin òyìnbó kan tó fi aṣọ gbọọrọ di ọmọ mọ́ àyà, ẹsẹ̀ ọmọ ń fì dirodiro. Obìnrin àgbà yẹn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ń ṣeré pẹ̀lú ọmọ.

Mo ní, “Èyí ńkọ́?”

“Màámi, ìyẹn yàtọ̀. Wọ́n máa ń lọ kọ́ ọ ni, Kurs wà fún un.”

“Wọ́n ń lọ kíláàsì láti kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbé ọmọ mọ́ra?”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

“Kí o bi wọ́n bóyá wọ́n ń wá tíṣà.”

Kò rẹ́rìn-ín. Èmi náà ò rẹ́rìn-ín. Ọ̀já wà lórí itan mi títí a fi dé Berlin. Lọ́jọ́ tí mò ń bọ̀, ó ní kí n fi í sílẹ̀ fún òun, kóun máa fi rántí mi. Mo ní rárá.

Nígbà tí àwọn ọmọ mi tó kù pé jọ nílé lọ́dún Iléyá, tí ọ̀kan nínú wọn ní òun náà ń múra àtilọ sí ìlú òyìnbó, mo sọ fún wọn pé, “Ẹni tó bá fẹ́ kí n wá wẹ ọmọ, kó kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ bóyá òun á lè dúró tì mí bí àlejò bá ń bá mi wí. Bí kò bá lè dúró, kó pe Hebamme. Mi ò ní wọ bàlúù lọ síbi tí ọmọ tí mo pọ̀n á ti tú ọ̀já lára mi.”

Èyí tó wà ní Berlin gbọ́ ọ lórí fóònù. Ó ní, “Màámi, àbí ẹ ṣì ń bínú?”

Mo ní kí wọ́n gbé fóònù kúrò níwájú mi.