Ògiri Ọ̀rá Nínú Omi Iyọ̀

“Ìyá, láàárín ilé àti onílé, èwo ló kọ́kọ́ dé?”

Ọmọ àbúrò Ìyá Ọlọ́ṣẹ ló bi í léèrè, níbi tí wọ́n ti jọ dúró ti ìkòkò lẹ́yìnkùlé. Ìyá Ọlọ́ṣẹ kò gbójú sókè. Sódà tí wọ́n fi ń se ọṣẹ kì í mojú ẹnikẹ́ni; bó bá ta síni lára, jíjó ló ń jóni. Ẹni tó bá ń ro ọṣẹ kì í wò kiri. Ó ní bí kò bá sí onílé, ta ni yóò mọ ilé? Ọmọ náà ní ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà: kò sẹ́ni tó mọ ọ́n.

Àwọn aládùúgbò máa ń sọ pé ọ̀rọ̀ ẹnu Ìyá Ọlọ́ṣẹ wọ́n ju ọṣẹ rẹ̀ lọ. Kò bímọ. Nígbà tí àbúrò rẹ̀ kú, ó gba ọmọ tó fi sílẹ̀, ó sì tọ́ ọ dàgbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò yìí. Nígbà tí ọmọ fẹ́ lọ kọ́ ìmọ̀ kẹ́míkà, ó yọ̀ǹda. Wọ́n fẹnu kò pé bó bá kàwé tán, yóò padà wá gba orógùn tí wọ́n fi ń ro ọṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìwé tán, ó wọ yàrá ìwádìí. Ọdún ń gorí ọdún. Bí Ìyá Ọlọ́ṣẹ ṣe ń ro ọṣẹ ni èjìká ń ro òun náà.

Ọmọ ṣàlàyé. Irú ọ̀rá tó wà nínú ọṣẹ, bó bá bọ́ sómi, lè ká ara rẹ̀ jọ di àpò tínńtín tí ojú lásán kò lè rí. Àwọn kan ní irú àpò bẹ́ẹ̀, ìyẹn ilé, ló ṣíwájú, kí ohun abẹ̀mí tó wà láyé. Àwọn mìíràn ní rárá, ohun tó lè ṣe ẹ̀dà ara rẹ̀ ló ti ń rìn kiri kó tó ríbi forí pamọ́ sí. Kò tíì sẹ́ni tó rídìí rẹ̀. Àpò tí òun náà ń ṣe ní yàrá ìwádìí sì rèé, bí iyọ̀ bá ti pọ̀ nínú omi, ńṣe ló ń tú.

Ìyá Ọlọ́ṣẹ dá orógùn dúró. “Iyọ̀ kẹ̀? Ohun tẹ́ ẹ torí ẹ̀ ń kàwé látọjọ́ yìí nìyẹn? Ṣebí iyọ̀ lèmi náà fi ń ya ọṣẹ kúrò lára omi. Ẹ má fi iyọ̀ sí i.”

“A ti mọ̀ tipẹ́, Ìyá. Òkun ni ò mọ̀.”

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu àgbà náà. Ọmọ ń bá ọ̀rọ̀ lọ: bó bá jẹ́ inú òkun ni ìyè ti bẹ̀rẹ̀, báwo ni ògiri ọ̀rá ṣe dúró? Àbí odò tí kò níyọ̀ ni? Òun kò mọ̀. Àwọn ọ̀gá òun náà kò mọ̀. Ojú rẹ̀ ń tàn bó ṣe ń sọ ọ́.

Ìyá Ọlọ́ṣẹ bi í pé ìgbà wo ni wọn yóò mọ̀.

“Ó lè má jẹ́ lójú ayé tèmi.”

Ohun tí ọmọ kò tíì lè sọ láti ọjọ́ yìí wá, pé òun kò ní padà wá mọ́, Ìyá Ọlọ́ṣẹ gbọ́ ọ níbẹ̀. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ lára orógùn.

“Èyí ńkọ́?”

Ọmọ dorí kodò. “Mo jẹ yín ní gbèsè, Ìyá.”

“Mo mọ̀,” ni Ìyá Ọlọ́ṣẹ wí, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í ro ọṣẹ. “Máa jẹ ẹ́ lọ.”