Mo Yí Erékùṣù Ká Láìfẹsẹ̀ Kanlẹ̀

Òórùn ẹja yíyan àti epo ṣéènì kẹ̀kẹ́ ni mo fi ń rántí àárọ̀ Sátidé yẹn létí Odò Ọya, ní Onitsha. Bàbá mi, ọmọ Ọ̀yọ́ tó ń ta aṣọ lọ́jà, ti yá mi ní kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Èmi àti Nkechi, ọ̀rẹ́ mi, gbé e sínú ọkọ̀ ojú omi, a sọdá sí erékùṣù tí ìyá ìyá rẹ̀ ń gbé. Mọ́tò kì í dé ibẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn ará ìlú a máa lọ ṣe fàájì níbẹ̀, wọn a jẹ ẹja, wọn a rìn nínú iyanrìn.

Nkechi ti gun kẹ̀kẹ́ yí erékùṣù náà ká rí láìfẹsẹ̀ kanlẹ̀. Èmi ò rí i ṣe rí, ó sì ká mi lára gan-an. Ọ̀rọ̀ bàbá mi ló fà á: "A kì í ti orí kẹ̀kẹ́ kí àgbà." Bí mo bá ti rí àgbàlagbà lọ́nà, màá sọ̀kalẹ̀, màá gbé kẹ̀kẹ́ tì, màá kúnlẹ̀. Nkechi á bú sẹ́rìn-ín: "You don put leg for ground o!" Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbìyànjú lọ́jọ́ náà, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kúnlẹ̀. Bàbá arúgbó kan tilẹ̀ sáré wá gbé mi dìde, ó rò pé mo ṣubú ni.

Ọkọ̀ ti fẹ́ padà nígbà tí mo tún gun kẹ̀kẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ọ̀nà dá. Ó ku díẹ̀ kí n parí rẹ̀ ni mo rí ìyá ìyá Nkechi lẹ́nu ọ̀nà ahéré rẹ̀. Ó na ọwọ́ méjèèjì sí mi, ó ń fi Ìgbò pè mí pé kí ọmọ òun máa bọ̀: "Nwa m, bịa!" Mo tẹ agogo kẹ̀kẹ́, mo fi Ìgbò kí i láti orí rẹ̀, "Mama, ndeewo!", mo sì kọjá. Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà ní nínà. Mo sọ fún ara mi pé bí mo bá padà wá, màá kúnlẹ̀ fún un lẹ́ẹ̀mejì.

N ò padà síbẹ̀ mọ́. Ìlú dàrú lọ́dún tó tẹ̀ lé e, bàbá mi kó wa sínú lọ́rì, a gba orí afárá lọ sí Ọ̀yọ́, ogun Biafra sì dé. Lẹ́yìn ogun, Nkechi kọ lẹ́tà sí wa pé ìyá àgbà ò sí mọ́. Mo sunkún, n ò sì sọ ìdí rẹ̀ fún bàbá mi.

Inú ọmọ tí mo jẹ́ nígbà yẹn dùn délé lọ́jọ́ tó borí. Èmi àgbà tí ọmọ náà dà ò rí ayọ̀ náà mọ́. Orúnkún ń dùn mí báyìí, síbẹ̀ bí mo bá rí ẹni tó jù mí lọ lọ́nà, mo máa ń ní kí ọmọ mi dá mọ́tò dúró. Ọmọ náà á ní, "Màmá, ẹ kí wọn látojú fèrèsé." Màá ṣílẹ̀kùn, màá fẹsẹ̀ kanlẹ̀.