Ilẹ̀ Tí A Fi Sílẹ̀, A Kò Pa Á Tì

Ẹ fìdí mọ́lẹ̀ díẹ̀, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, kí n ro ohun tójú mi rí fún yín. Ẹ má kán mi lójú o. A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná.

Ìhà Elavagnon, nílẹ̀ tí wọ́n ti ń fi Faransé kọ́ ọmọ nílé ìwé, ni oko wa wà. Ilẹ̀ kan wà níbẹ̀ létí odò, òun ni bàbá mi fi bọ́ wa dàgbà. Iṣu ibẹ̀! Ẹ jẹ́ kí n panu mọ́, kí itọ́ má baà dà lẹ́nu mi. Ṣùgbọ́n ó ti rẹ ilẹ̀ náà. Iṣu rẹ̀ ń kéré sí i. A bá ṣe bí àwọn baba wa ti ń ṣe: a fi í sílẹ̀ kó sinmi. Bí koríko èèkan bá ti kú tán lábẹ́ igbó, ilẹ̀ ti jí nìyẹn, Kọkú ọmọ mi ló sì kàn láti ro ó.

Àfi bí àwọn àlejò kan ṣe dé. Igi tíìkì ni wọ́n fẹ́ gbìn, ilẹ̀ tí kò lẹ́ni tó ni ín ni wọ́n sì ń wá kiri. Ṣé ẹ mọ tíìkì? Bó bá ti wọlẹ̀, Kọkú á darúgbó kó tó kúrò níbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sì lè gbin iṣu sábẹ́ rẹ̀!

Ọ̀gá wọn ò gbọ́ Faransé, ká má tíì wá sọ èdè Ifẹ̀ tiwa. Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló ń sọ. Baálẹ̀ bá ránṣẹ́ sí Afí, ọmọ àbúrò mi, tó kọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní Gánà, pé kó wá ṣe ògbufọ̀.

A jókòó sábẹ́ igi máńgòrò baálẹ̀. Baálẹ̀ bèèrè pé ta ló ń ro ilẹ̀ etí odò. Mo ní èmi ni, pé a fi í sílẹ̀ ni. Afí yíjú sí ọ̀gá, ó tú u fún un. Etí mi bá he ọ̀rọ̀ kan láàárín: "abandoned". Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ń mi orí bí aláǹgbá.

Háà! N kò lọ ilé ìwé Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n Faransé náà ní ọ̀rọ̀ yẹn. Ọkùnrin tó sá lọ, tó jẹ́ kí ebi máa pa aya àtọmọ, òun ni wọ́n ń sọ ọ́ sí. Ṣé irú baba bẹ́ẹ̀ ni mo jẹ́ fún ilẹ̀ mi?

Mo dìde. "Afí, dúró ná! Kí lo sọ fún un?"

"Bàbá, ẹ ní ẹ fi í sílẹ̀. Ohun tí mo sọ náà nìyẹn."

"Nígbà tí o wà ní kékeré, tí ìyá rẹ fi ọ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi, tó lọ sọ́jà Anié, ṣé ó pa ọ́ tì ni?"

Gbogbo èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Afí náà rẹ́rìn-ín. "Rárá o! Ó máa ń ra àkàrà bọ̀ fún mi."

Ó wá ṣàlàyé fún wa pé Gẹ̀ẹ́sì náà ya méjèèjì sọ́tọ̀. "Leave" ni ti ìyá tó lọ sọ́jà, nítorí ó lè padà wá. "Abandon" ni ti baba tó sá lọ. Ó yíjú sí ọ̀gá, ó tún un sọ: wọ́n fi í sílẹ̀ kó sinmi ni.

Ẹ̀rín tán lójú ọkùnrin náà. Ó bèèrè pé báwo ni èèyàn ṣe máa mọ èyí tó ń sinmi yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n pa tì, nígbà tó jẹ́ pé igbó ni igbó ń jẹ́. Kí n má purọ́, ìbéèrè gidi ni! Baálẹ̀ pàápàá kọjú sí mi.

Kọkú bá fẹnu sí mi létí. Ó ní ká tiná bọ ibẹ̀ lọ́la, ká kọ ebè, pé tí wọ́n bá rí ebè, ẹjọ́ parí.

Kí n jí ilẹ̀ mi nítorí ẹ̀rù àlejò? Láéláé! Ẹni tó bá jí ọmọ tí kò tíì sùn tó, ẹkún ni yóò gbé jó. Mo ní kí gbogbo wọn dìde, ká lọ wò ó.

Nílé tiwa, ẹni tó bá fẹ́ fi ilẹ̀ sílẹ̀ kì í wa gbogbo iṣu rẹ̀. Ebè kan á kù lẹ́nu oko. Ebè ìpadà là ń pè é. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹnì kan nínú ilé á fi ọkọ́ wa yẹ̀pẹ̀ tuntun bò ó. Ilẹ̀ tí wọ́n bá pa tì, ebè rẹ̀ á tẹ́jú pẹrẹsẹ.

Koríko ga ju ọ̀gá náà lọ. Nígbà tí mo là á, ebè mi ló dúró yẹn, tó rí róbótó, yẹ̀pẹ̀ tuntun lórí rẹ̀, ìtàkùn iṣu ń fà lórí igi. Ọwọ́ mi ló wa yẹ̀pẹ̀ yẹn!

Ọkùnrin náà ní ebè kan ṣoṣo kéré. Baálẹ̀ dá a lóhùn pé ẹni tó ń sùn kì í ṣe òkú, a kì í sì í pín ogún ẹni tó ń sùn. Afí tú ìyẹn láìsí àṣìṣe!

Wọ́n wọ ọkọ̀ wọn, wọ́n ní àwọn ń bọ̀. Àwọn kan lábúlé ń bínú sí mi pé mo lé iṣẹ́ tí àwọn àlejò náà ì bá mú wá lọ. Kọkú náà ṣì ń kùn pé ká ro ilẹ̀ náà kíákíá kí wọ́n tó dé. Mo ní kó lọ wo èèkan. Ṣé ó ti kú? Kò tíì kú. Ilẹ̀ ò tíì jí nìyẹn!

Ohun tí mo rí kọ́ rèé: ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá yín sọ orúkọ ohun tó jẹ́ tiyín. Ẹni tó bá fún un lórúkọ tán, ọwọ́ ló kàn tó máa nà sí i. Ẹ̀yin ńkọ́? Kí ni wọ́n ti pè ní àpatì lọ́wọ́ yín rí, tẹ́ ẹ sì mọ̀ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀? Ẹ sọ ọ́ síbí, ká gbọ́.

Ní tèmi, bí àwọn àlejò yẹn bá padà dé, ẹ bá mi sọ fún wọn pé ilẹ̀ náà ń sùn, mo sì jókòó tì í.