Ilẹ̀kùn Tó Kọ́kọ́ Wẹ̀ Kó Tó Ya Fọ́tò

Tẹ́lẹ̀ rí, òyìnbó tó bá fẹ́ ra nǹkan àtijọ́, àfi kó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá bá Mashood l'Ọ́jà Igbó, l'Ógbòmọ̀ṣọ́. Wọ́n á jọ dúnàádúrà títí ahọ́n àwọn méjèèjì á fi gbẹ bí èèpo ẹ̀pà. Àmọ́ nígbà tó di nǹkan bí ọdún 1987, òyìnbó ò wá mọ́. Akínpẹ̀lú, alágbàtà kan tó ń gbé l'Ọ́yọ̀ọ́, ní fọ́tò ni wọ́n fi ń rajà báyìí: èyí tó bá wù wọ́n nínú fọ́tò ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n á ní kí wọ́n fi ránṣẹ́.

Ọjà kan ṣoṣo tí Mashood lè fi yangàn ni ilẹ̀kùn tó rà ní Iresa. Ilẹ̀kùn ọ̀hún dàgbà débi pé ó yẹ kéèyàn dọ̀bálẹ̀ kó tó ṣí i. Wọ́n gbẹ́ ẹlẹ́ṣin sí i lára, èéfín sì ti sọ ọ́ di dúdú bí ìdí ìkòkò. Òun náà ni Mashood gbójú lé, torí láńlọ́ọ̀dù ti búra pé bí kò bá rí ọjà tà lóṣù yẹn, oníṣìmẹ́ńtì lòun máa gbé ṣọ́ọ̀bù fún.

Akínpẹ̀lú fi fọ́tò àkọ́kọ́ ránṣẹ́. Òyìnbó ní òun fẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n kí wọ́n tún un yà dáadáa.

Dáadáa kẹ̀! Ta ló ń lọ ya fọ́tò nílùú wa láìwẹ̀?

“Bàbá Raliat,” ni Ràódàt, ìyàwó Mashood, wí, “ṣé báyìí lẹ fẹ́ gbé e jáde? Wọ́n á ní ọ̀bùn ni wá o!”

“Àbí o ò rí nǹkan! Bá mi wẹ̀ ẹ́.”

Ràódàt gbé kànìnkànìn, ọṣẹ dúdú àti iyanrìn. Ó bó ọgọ́rùn-ún ọdún dànù kí wọ́n tó pe ìrun ọ̀sán, imú ẹlẹ́ṣin sì bá a lọ. Mashood wá fi fáníìṣì kùn ún. Ilẹ̀kùn ń dán débi pé àkùkọ kan rí ara rẹ̀ níbẹ̀, ló bá gbéjà kò ó.

Akínpẹ̀lú dé. “Ẹ̀gbọ́n, ilẹ̀kùn Iresa dà?”

“Òun lò ń wò yẹn. Ó wẹ̀ ni.”

Akínpẹ̀lú jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú ṣòkòtò funfun. “Yéè! Ẹ̀gbọ́n, dúdú yẹn gan-an ni wọ́n fẹ́ rà!”

“Ìdọ̀tí? Ìdọ̀tí tá à ń gbá dànù láràárọ̀?”

Mashood sáré fi í há òkè ààrò. Gbogbo àdúgbò wúkọ́, fáníìṣì kọ̀, kò gba èéfín. Wọ́n yà á bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́. Èsì dé: òyìnbó ní òun ò béèrè ilẹ̀kùn tuntun.

Nígbà tóṣù parí, láńlọ́ọ̀dù kó àwọn alábàárù wá. Mashood dọ̀bálẹ̀: “Ẹ jọ̀ọ́, Alhaji, ẹ fún mi lóṣù kan sí i. Ilẹ̀kùn àtijọ́ ṣì wà ńlẹ̀, màá tà á.”

Alhaji fọwọ́ pa ilẹ̀kùn náà, ó mirí. “Èyí ni àtijọ́? Iṣẹ́ yìí mà mọ́ o! Káfíńtà wo ló bá ẹ ṣe é?”

 Àwọn alábàárù ti ń to ṣìmẹ́ńtì.