“Ẹ Kú Ewu” Tó Sọ Ràmọ́tà Di Aláìsàn

Mílíọ̀nù kan àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rin náírà la san kí àwọn ajínigbé tó fi Ràmọ́tà àbúrò mi sílẹ̀. Ọwọ́ mi ni owó náà ti kọjá, mo sì mọ bó ṣe jẹ́. Mo ta pákó tó wà ní ṣọ́ọ̀bù mi, mo mú ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin sílẹ̀. Raliat, oníbàárà Ràmọ́tà tó ń ta àlùbọ́sà ní Sábó, l'Ógbómọ̀ṣọ́, fi ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọ̀ọ́dúnrún ránṣẹ́, bẹ́ẹ̀ wọn ò bá ara wọn tan. Mashood ọkọ Ràmọ́tà lọ yá ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rin tó kù lọ́dọ̀ alájẹsẹ́kù.

Ọdún méjìlá ni Ràmọ́tà fi ń wọ bọ́ọ̀sì láti Ọ̀yọ́ lọ ra àlùbọ́sà ní Sábó lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì. Tó bá gbé àpò àlùbọ́sà lẹ́ẹ̀kan péré, á sọ iye tó jẹrà nínú rẹ̀ fún ẹ. Ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. Dírẹ́bà tó bá ń sáré, á ní kó rọra, òun ò tíì ná owó òun tán. Nínú oṣù Kejì ọdún tó kọjá ni wọ́n dá bọ́ọ̀sì wọn dúró lọ́nà, wọ́n sì kó èèyàn márùn-ún wọ igbó. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló lò.

Nígbà tó dé, èrò ya wá kí i kú ewu. Mi ò bínú sí ìkíni. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé kò sẹ́ni tó kí i tán tó lọ. Wọ́n á fa àga sún mọ́ ọn, wọ́n á ní kó ṣàlàyé bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an. Tó bá sá wọ yàrá, ìyá ọkọ rẹ̀ á pè é jáde pé ọ̀nà jíjìn làwọn èèyàn ti wá, kó bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Mo wà níbẹ̀ ní Sátidé kan, mo kà á: ẹ̀ẹ̀mẹ́rìnlá ló rò ó. Ẹnì kan gba ohùn rẹ̀ sórí fóònù, kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ó ti wà lórí Wáàsáàpù gbogbo ẹbí. Tó bá dé ibi tí wọ́n ti na obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n á bi í bóyá àwọn ajínigbé ṣe nǹkan kan fóun náà. Wọ́n á wá ní kó dúpẹ́, ṣebí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì pé.

Nígbà tó yá, tí ọ̀kadà bá ti kọjá lẹ́yìnkùlé, ohun tó bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ á já bọ́. Òróró gbígbóná jó o lẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀. Oorun dá lójú rẹ̀. Ìyá ọkọ rẹ̀ ní ọ̀lẹ ni. Mashood ní alájẹsẹ́kù ń pe òun, kó padà sí Sábó lọ wá owó. Wọ́n fi dandan gbé e wọ bọ́ọ̀sì. Kí wọ́n tó jáde nígboro, ó ti tọ̀ sára, dírẹ́bà sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ohun tó ká Mashood lára ni pé àwọn ará àdúgbò rí i.

Mo mú un lọ sí ọsibítù. Nọ́ọ̀sì Bùkọ́lá ló dá wa lóhùn. Ó ní ọgbẹ́ ọkàn kì í ṣe oríṣi kan. Òmíràn wà tó dé lẹ́ẹ̀kan bí ìjàǹbá ọkọ̀, òmíràn sì ń wáyé lójoojúmọ́ nínú ilé, bí ọmọ tí wọ́n ń lù láti kékeré. Ó ní ti Ràmọ́tà dé lẹ́ẹ̀kan, àwa la sọ ọ́ di ojoojúmọ́. Ó ní ó yẹ kó sọ ọ́, ṣùgbọ́n Ràmọ́tà fúnra rẹ̀ ló máa yan ẹni tó máa sọ ọ́ fún àti ìgbà tó máa sọ ọ́.

Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta náírà ni ìjókòó kan lọ́dọ̀ Bùkọ́lá. Ẹbí Mashood pèpàdé lé e lórí. Ìyá rẹ̀ ní ọsibítù wèrè máa ba orúkọ àwọn jẹ́, owó rẹ̀ sì ti pọ̀ jù. Wọ́n san owó ńlá kí ara rẹ̀ lè délé, ẹgbẹ̀rún mẹ́ta kí orí rẹ̀ bá a délé wá wọ́n lójú wọn. Mo ti la ẹnu, ni Ràmọ́tà bá ṣáájú mi.

“Màmá, ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo lò lọ́wọ́ wọn. Látìgbà tí mo ti dé, ẹ ń dá mi padà síbẹ̀ lójoojúmọ́, ẹ tún ń gbé àga fáwọn tó fẹ́ wòran.”

Ó kó ẹrù rẹ̀ wá sílé mi. Ẹni tó bá wá kí i, ẹnu ọ̀nà ni mo ti ń dá a lóhùn pé ó gbọ́, ó dúpẹ́, ó dìgbà.

Bùkọ́lá ní ká rọra jẹ́ kí ọ̀nà tún mọ́ ọn lára. Ọ̀sẹ̀ kìíní, a dé gáréèjì, a jókòó, ó ń mí sínú ó ń mí síta, a padà sílé. Ọ̀sẹ̀ kejì, a wọ bọ́ọ̀sì, a sọ̀ ní ibùdókọ̀ àkọ́kọ́. Àwọn dírẹ́bà rò pé orí mi ti dàrú. Káàdì, ìjókòó mẹ́jọ àti owó ọkọ̀, gbogbo rẹ̀ jẹ́ ẹgbẹ̀rún mọ́kànlélógójì náírà.

Lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn, a dé Sábó. Òógùn bò ó, ó di apá mi mú débi tí èékánná rẹ̀ fi wọlé. Raliat ò bi í ní nǹkan kan. Ó sún lórí bẹ́ǹṣì, ó ti agbọ̀n àlùbọ́sà sí i níwájú, àwọn méjèèjì sì jọ ń ṣà á. Oorun rẹ̀ ò tíì dáa tó. Àpò méjì la gbé bọ̀.

Gbèsè ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rin tí Mashood yá ṣì wà nílẹ̀. Ràmọ́tà ní òun máa san án díẹ̀díẹ̀ kẹ́nikẹ́ni má bàa rí nǹkan sọ sóun. Mo ní kò gbọdọ̀ san kọ́bọ̀. Títí di àárọ̀ yìí, a ṣì ń fa ọ̀rọ̀ náà mọ́ra wa lọ́wọ́.