Ojú Ìwé Tí Mi Ò Kọ Nǹkan Sí

Nígbà tí ìyá mi kú, a ti sin wọ́n kí ọmọ mi tó ti ilé ìwé dé. Mùsùlùmí ni wá, òkú kì í pẹ́ nílẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Ìyá Kékeré, àbúrò ìyá mi, ni wọ́n pàdé ọmọ náà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n sì sọ fún un pé ìyá àgbà rẹ̀ lọ sí Èkó. A kì í túfọ̀ fún ọmọdé nílé wa ní Kémta. Ta ni èmi tí màá já àgbà nírọ́?

Ó rẹ̀ mí. Láàárọ̀, mò ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kìíní ní ABD. Tí mo bá délé, ìbéèrè kan náà ló ń dúró dè mí: ìgbà wo ni wọ́n máa dé? Bí a bá gba gáréèjì Kútọ̀ kọjá, ọmọ ọdún márùn-ún yìí á máa yọrùn wo gbogbo ọkọ̀ tó ti Èkó dé. Mo fèsì títí ẹnu fi ń ro mí. Inú tún ń bí mi, sí òkú, sí alààyè.

Ìwé kò tó ní ilé ìwé wa nígbà náà, mo sì máa ń fi bébà líle ṣe ìwé alááwòrán fúnra mi, kí n fi abẹ́rẹ́ àti òwú rán an pọ̀. Mo ní kí n ṣe ọ̀kan fún ọmọ mi, kó bá mi sọ ohun tí ẹnu mi ò lè sọ.

Àkọ́kọ́ tí mo kọ ò dára. Ẹnu olùkọ́ ni mo fi kọ ọ́: ìyá àgbà jẹ́ ènìyàn rere, ọ̀dọ̀ Ọlọ́run ni gbogbo wa ń padà sí, ìtàn yìí kọ́ wa pé báyìí báyìí. Bí mo ṣe ń kà á, aláǹgbá ara ògiri ni ọmọ ń wò. Mo fà á ya.

Mo gé ọ̀rọ̀ kúrò títí ó fi ku gbólóhùn kan lójú ìwé kọ̀ọ̀kan. Ìyá àgbà jí. Ìyá àgbà rẹ aṣọ láró. Ìyá àgbà bu ẹ̀kọ fún mi. Lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan ni mo fi ègbè sí, bíi ti àlọ́: "Ọwọ́ wọn dúdú fún aró." Mo ti ìka bọ aró tó ṣẹ́kù sínú ìkòkò wọn, òun ni mo fi kun ọwọ́ náà. Nígbà mìíràn, mo máa ń dá gbólóhùn dúró láàárín nísàlẹ̀ ojú ìwé, kí ọwọ́ ọmọ lè yá láti ṣí èyí tó kàn. Ó ṣiṣẹ́. Kí n tó débi ègbè, ó ti ń gbè é.

Ojú ìwé tó kẹ́yìn ló dá mi dúró. Mo kọ "wọ́n kú", mo pa á rẹ́. Mo kọ "wọ́n sùn", mo pa ìyẹn náà rẹ́, torí mi ò fẹ́ kí ọmọ máa bẹ̀rù oorun. Ó sú mi. Mo ya ìkòkò aró tí a fi ọmọrí dé, mo ya àpótí tí ẹnikẹ́ni ò jókòó lé, mo sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí a kà á débẹ̀, ọmọ mi lanu láti gbe ègbè. Ó wá ọwọ́ nínú àwòrán, kò rí i. Ó ṣí i wo ẹ̀yìn, ẹ̀yìn ṣófo.

"Màmi, wọn ò lọ sí Èkó, àbí?"

Mo ní wọn ò lọ, mo ní wọ́n ti kú. Ìwé tí mo rò pé yóò gbà mí lọ́wọ́ ọ̀rọ̀ yẹn ló fà á jáde lẹ́nu mi. A jọ sunkún. Nígbà tó yá, ó nu ojú rẹ̀.

"Ta ló máa wá sọ fún Ìyá Kékeré? Wọ́n ṣì rò pé Èkó ni Ìyá àgbà wà."

Agbára àlàyé ò sí lára mi. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé ìwé náà lọ bá Ìyá Kékeré níbi tí wọ́n ti ń ṣa ẹ̀wà. Mo tẹ̀ lé e, mo ti ń múra sílẹ̀ fún èébú. Ó kà á láti orí, ó ti mọ̀ ọ́n sórí. Nígbà tó kan ojú ìwé tó kẹ́yìn, ó gbé ọwọ́ lé wọn ní eékún, ó ní kí wọ́n pẹ̀lẹ́, Ìyá àgbà ti kú.

Ìyá Kékeré ò tíì sunkún lójú wa láti ọjọ́ ìsìnkú. Wọ́n wo àpótí inú àwòrán náà, wọn ò wo ojú mi.

"Mo mọ̀, ọmọ mi. Ara mi ni mo ń fi Èkó yẹn tàn."