Aláǹtakùn Ò Ní Kí N Má Wẹ Ọmọ Ọmọ Mi

Ọdún tí ìjì ṣí páànù mọ́sáláṣí wa, tó gbé e sọ sínú ọ̀sà, ni wọ́n bí ọ, ìwọ tí ò ń bá mi kọ ìtàn yìí. Èmi ò mọ iye tí ẹ̀yin alákọ̀wé ń pe ọdún náà. Ìjì yẹn ni mo fi ń mọ̀ ọ́n.

Àdéhùn èmi àti ìyá rẹ ni pé tó bá ti bímọ, ọ̀dọ̀ mi ní Ajah níbí ni yóò ti lo ogójì ọjọ́, kí n máa wẹ ọmọ. Bàbá rẹ ń lọ síbi iṣẹ́ ní Ìbẹ́jú-Lẹ́kí, ilẹ̀ kì í mọ́ bá a nílé. Èmi ni mo sì wẹ gbogbo ọmọ tí wọ́n bí nínú ẹbí yìí. Nígbà tí oyún náà ku díẹ̀, ìyá rẹ wá wo yàrá. Bó ṣe gbójú sókè, aláǹtakùn pẹlẹbẹ kan lẹ̀ mọ́ ògiri lókè bẹ́ẹ̀dì, ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé.

"Màámi, mi ò lè gbé ọmọ wá síbí o. Tó bá tọ̀ sí i lára ńkọ́?"

Mo ní, "Inú yàrá yìí ni mo ti tọ́ gbogbo yín. Ta ló tọ̀ sí lára?"

"Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin. Ẹ ò rí bó ṣe ń ṣe?"

A jọ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó dé ẹnu ọ̀nà, ó ní tí àwọn aláǹtakùn ò bá kúrò nílé yìí, òun á wá ẹlòmíì tí yóò wẹ ọmọ fún òun. Ẹlòmíì, nígbà tí mo wà láyé.

Ilẹ̀ mọ́, mo gbé ìgbálẹ̀ ọlọ́pàá gígùn. Àwọn ẹlẹ́sẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tó máa ń ta òwú sí kọ̀rọ̀, tó máa ń gbọn ara wọn jìgìjìgì téèyàn bá fọwọ́ kàn wọ́n, mo gbá wọn tòwú-tòwú. Kò pẹ́, wọ́n tún ta òmíràn. Mo fín fílíìtì, àwọn pẹlẹbẹ sá lọ sí pálọ̀. Ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n ń gbà sáré, ojú ò tó wọn.

Apẹja ni wá níbí. Tí ìwọ̀ bá ya èèyàn lọ́wọ́, ohun funfun roboto tó máa ń lẹ̀ mọ́ ògiri, tó dà bí kọ́bọ̀, òun la máa ń ṣí lẹ ojú ọgbẹ́, kí ẹ̀jẹ̀ lè dá. Nítorí náà, kò sẹ́ni tó ń gbá a dànù nílé wa. Mo máa ń gbálẹ̀ yí i ká ni. Ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù mi kún fún un.

Lọ́jọ́ kan, mo ń ha ìpẹ́ ẹja, ọ̀bẹ gé mi níka. Mo lọ ṣí ọ̀kan lára ògiri. Ìyá pẹlẹbẹ kan jókòó lé e, kò fẹ́ dìde. Mo fi ìgbálẹ̀ lé e, mo ṣí i, ni àwọn wínníwínní bá ń rọ́ jáde bí ata gígún tó hu ẹsẹ̀. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Ilé ìgbẹ̀bí aláǹtakùn ni mo ń tọ́jú láti ọjọ́ yìí.

Mo fi ọ̀bẹ họ gbogbo rẹ̀ sínú omi ọṣẹ. Mo kó àwọ̀n bàbá àgbà rẹ tó wà lẹ́yìn bẹ́ẹ̀dì lọ síta. Mo po sìmẹ́ǹtì, mo dí gbogbo ibi tí ògiri ti sán. Gílóòbù tó ń tàn mọ́jú lẹ́nu ọ̀nà, mo ń pa á, torí òun ló ń pe kòkòrò wá fún wọn jẹ.

Ìyá rẹ gbé ọ dé. Kò tíì jókòó tó fi tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù. Ó gbọn kọ́tìnnì, ó gbọn ìró mi pàápàá.

"Màámi, ibo ni wọ́n wá lọ?"

Mo ní, "Wọ́n ti kó lọ sí ẹ́sítéètì yín."

Ó rẹ́rìn-ín títí, ó di ikùn mú. Ó wá tẹ́ ọ sórí itan mi. Mo fi kànìnkànìn bó ọ, mo fi àdín àgbọn pa ọ́ lára, mo jù ọ́ sókè, mo hán ọ. O ké tó bẹ́ẹ̀ tí aládùúgbò yọjú. Orin ni igbe yẹn létí mi.

Nígbà tí àwọn ọmọ mi yòókù kó lọ sílé tiwọn, ohun tí mo sọ fún wọn ni pé, "Ẹ má bá aláǹtakùn sáré. Ẹyin rẹ̀ ni kí ẹ họ kúrò lára ògiri. Tí ọ̀bẹ bá gé yín, ẹ lọ ra bándéèjì."